Ìwé fún ọmọ òrukàn: ká tó kó páálí jáde ní Ekiosa, ká kọ́kọ́ béèrè

Bí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jẹ yọ nípàdé ẹgbẹ́ wa káàkiri, yálà ní Bìní níbí ni o, ní Wárí, ní Jọ́ọ̀s tàbí ní Kánò: kí la fẹ́ ṣe fún àwọn ọmọ aláìlóbìí lọ́dún yìí? Ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìrẹsì, índómì, òróró àti ọṣẹ. Kò burú. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ kan ti ń sọ pé ìwé làwọn fẹ́ kó lọ, torí pé ìrẹsì á ti tán kí oṣù tó parí, ìwé á sì wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé yìí la fẹ́ bá yín sọ, torí àwa tá a ń tajà ní Ekiosa ti rí i pé ìwé pọ̀ tí wọ́n fi ta ọmọ lọ́rẹ, tí ọmọ kankan ò sì ṣí wò rí.

Ẹni tó bá mọ ọjà Ekiosa mọ̀ pé kò sí ohun tí a fẹ́ gbé ka iná tí a ò ní rí níbẹ̀. Àwọn ará Bìní ló ni ọjà, “ẹki” ni wọ́n ń pe ọjà lédè tiwọn, ṣùgbọ́n Yorùbá, Íbò, Ẹ̀sán, Ùròbò àti Hausa la jọ ń ná an. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó ń kó ọjà tí oníbàárà ò béèrè. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà kò ní lọ kó báàgì ẹ̀wà olóyin mẹ́wàá wá bó bá mọ̀ pé ẹ̀wà funfun làwọn oníbàárà òun ń rà. Á kọ́kọ́ wò ó, á béèrè, á sì ka ohun tó kù nílẹ̀. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé èèyàn kan náà tó ń ṣe báyìí nídìí káńtà rẹ̀, bó bá di ọ̀rọ̀ ìtọrẹ, á kàn palẹ̀ ìwé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti kà tán mọ́, á dì í sí páálí, á ní òun ti ṣe àánú.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí a rí. A bá àwọn kan lọ sí ilé ọmọ aláìlóbìí kan. A ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ̀bi wọn kọ́. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná wọn, páálí ìwé ló kún un dé àjà. A ṣí díẹ̀ níbẹ̀. Ìwé nípa bí èèyàn ṣe ń san owó-orí ní Amẹ́ríkà, ìwé kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́, ìwé ìtàn apá kejì tí apá kìíní rẹ̀ ò sí, àti ìwé ìṣirò tí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ti fi bírò kọ ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè inú rẹ̀. Ní kíláàsì àwọn ọmọ náà, ìwé kan ṣoṣo ni ọmọ márùn-ún ń pín wò, tí ẹni tó jókòó sí ìkángun á máa na ọrùn bí ògòǹgò. A bi ìyá tó ń tọ́jú wọn pé kí ló dé tí ẹ gba gbogbo páálí wọ̀nyí. Ó ní bí òun bá kọ̀ ọ́, wọ́n á ní agbéraga ni òun, wọn ò sì ní kó ìrẹsì wá lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ló ká wa lára jù. Ẹni tí à ń ṣàánú fún kì í lè sọ ohun tó ń fẹ́ bí a ò bá bi í. Àwa tí a fẹ́ fún un ló yẹ ká ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀ náà.

Kì í ṣe wàhálà Nàìjíríà nìkan. Ní 1988, ọ̀gbẹ́ni Tom Warth, oníṣòwò ìwé kan láti Minnesota ní Amẹ́ríkà, wọ ilé ìkàwé ìlú Jinja ní Uganda, ó sì bá pẹpẹ ìwé wọn ní ṣíṣófo, díẹ̀ ló kù kó má sí nǹkan kan níbẹ̀. Bó ṣe padà délé ló dá ẹgbẹ́ Books For Africa sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n ti kó wá sí ilẹ̀ Áfíríkà láti ìgbà náà lé ní mílíọ̀nù 50. Kọ̀nténà ńlá kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 40 máa ń gba nǹkan bí 22,000 ìwé. Ṣáájú wọn, ní 1954, Lady Ranfurly, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ gómìnà ní erékùṣù Bahamas nígbà náà, ti bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ tó di Book Aid International ní London lónìí. Ìwé àlòkù tí àwọn èèyàn fi sílẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, ìwé tuntun látọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ jù, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ́dún, wọ́n sì máa ń bá àwọn tó fẹ́ gbà á sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó mọ irú èyí tí wọ́n máa dì. Àwọn tó ní kọ̀nténà àti wíàháòsì ló ń ṣe báyìí o. Àwa tó jẹ́ páálí mẹ́ta la fẹ́ gbé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Màrúwà, ṣé a wá lè sọ pé a ò ráyè béèrè?

Ohun tó jẹ́ kí ìbéèrè ṣe pàtàkì ni pé ìwé kíláàsì kì í dúró sójú kan. Àjọ NERDC ní Abùjá ló ń ṣètò ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ láti pírámárì dé girama, wọ́n sì máa ń tún un ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. WAEC náà máa ń pààrọ̀ ìwé lítíréṣọ̀ rẹ̀. Láti 2021 sí 2025, The Lion and the Jewel ti Wọlé Ṣóyínká, Second Class Citizen ti Buchi Emecheta àti Unexpected Joy at Dawn ti Alex Agyei-Agyiri wà lára ohun tí ọmọ máa kà. Láti 2026, àwọn mìíràn ló wọlé, So the Path Does Not Die ti Pede Hollist wà lára wọn. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá kó ogójì Second Class Citizen lọ fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC báyìí, ìwé gidi ni, ṣùgbọ́n kò ní gbà wọ́n lọ́jọ́ ìdánwò. Kí wọ́n fi í sí yàrá ìkàwé, ó dára bẹ́ẹ̀. (Unexpected Joy at Dawn ńkọ́? Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ àjò yẹ kó wá a kà. Ìtàn bí Gánà ṣe lé àwọn àjèjì ní 1969, tí Nàìjíríà náà sì lé àwọn ará Gánà ní 1983, ló wà nídìí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n lé ní 1969 yẹn, Yorùbá ni wọ́n, ọlọ́jà bíi tiwa.)

Ẹ wá wo Uhogua, torí kò jìnnà sí wa. Ìjọba ìbílẹ̀ Ovia North-East ló wà, ní ẹ̀yìn ìgboro Bìní. Ibẹ̀ ni ibùdó tí Pásítọ̀ Solomon Folorunsho ń darí wà, tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Home for the Needy. Nígbà tí Boko Haram ń dáná sun abúlé ní Bọ̀rọ̀nú, ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n kó wá síbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ò sì ní bàbá àbí ìyá mọ́. Iye wọn ju ẹgbẹ̀rún kan lọ dáadáa. Ibùdó náà ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ nínú ọgbà, àwọn kan nínú àwọn ọmọ tó sá fún ọ̀kọ̀ àti ìbọn yẹn sì ti wọ yunifásítì.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ọmọ ọdún 14 tí ogun ti dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró fún ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin, ó lè jẹ́ pírámárì kẹta ló máa tún bẹ̀rẹ̀. Ìwé tó ní àwòrán ológìnní àti bọ́ọ̀lù, tí wọ́n kọ fún ọmọ ọdún márùn-ún, á dójú tì í láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwé tó rọrùn, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì bá àgbà ọmọ mu, ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé Hausa tàbí èdè abúlé wọn ló gbọ́ délé, tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé e. Bẹ́ẹ̀, nínú ọgbà kan náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wá ìwé ìbéèrè JAMB àtẹ̀yìnwá. Èèyàn ò lè jókòó sí Ekiosa kó mọ gbogbo èyí. Àwọn tíṣà tó ń kọ́ wọn ló mọ̀ ọ́n, fóònù kan ló sì gbà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí a kì í fẹ́ dá. Bí a bá ní ọmọ òrukàn, ọkàn wa máa ń lọ sí ilé ìtọ́jú tó ní géètì àti pátákó níwájú. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí àjọ UNICEF ṣe ṣírò rẹ̀, ọmọ tó pàdánù bàbá tàbí ìyá tàbí àwọn méjèèjì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 140 lágbàáyé ní 2015. Nínú wọn, àwọn tí bàbá àti ìyá wọn ti kú pátápátá jẹ́ mílíọ̀nù 15.1. Ìyẹn ni pé èyí tó pọ̀ jù ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá, bàbá tàbí ẹbí. Ẹ wo àyíká yín nínú ọjà. Ọmọ tó ń kiri omi tútù lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tó ń pe oníṣọ́ọ̀bù ní àǹtí, ṣé a mọ ibi tí ìyá tó bí i wà? Nínú ẹgbẹ́ tiwa gan-an, a máa ń ṣe òkú ọmọ ẹgbẹ́ dáadáa, a ń dá aṣọ, a ń gba bọ́ọ̀sì lọ sílé, láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìkàrẹ́. Tí a bá dé, mélòó nínú wa ló ń béèrè ìwé tí àwọn ọmọ olóògbé ń lò níléèwé? Ojú á máa ti opó láti bẹ̀bẹ̀. Ọmọ á kàn máa dá ìwé ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kọ, títí wọ́n á fi lé e kúrò ní kíláàsì pé kò ní ìwé.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ pé ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ àti ọ̀ranyàn fún gbogbo ọmọ, òfin UBE ti 2004 náà sì sọ bẹ́ẹ̀, láti pírámárì dé ìparí girama kékeré. Lóòótọ́, ọ̀fẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ níléèwé mọ ohun tí ọ̀fẹ́ ń ná òun. Ní 2018 ni ìjọba Ẹdó gbé ètò EdoBEST dé, kí tíṣà lè máa mú tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ kọ́ àwọn ọmọ níléèwé ìjọba. A gbóríyìn fún un. Ṣùgbọ́n tábúlẹ́ẹ̀tì tíṣà kì í bá ọmọ délé lálẹ́, ìwé nìkan ló lè bá a délé.

Bí ẹgbẹ́ yín bá ti wá fẹnu kò, kí ẹni méjì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà kí ẹ tó dá kọ́bọ̀. Kí wọ́n má mú kámẹ́rà lọ. Kí wọ́n béèrè iye ọmọ tó wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, orúkọ ìwé tí tíṣà ń lò, ẹni tó kọ ọ́, àti ẹ̀dà tó jẹ́, torí New General Mathematics àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí kì í ní ojú ewé kan náà, bí tíṣà bá ní “ẹ ṣí ojú ewé 62”, ọmọ tó mú ti àtijọ́ dání ti sọnù nìyẹn. Kí wọ́n béèrè ohun tó wà nílẹ̀ pẹ̀lú, kí a má lọ kó ẹ̀wà bá ẹ̀wà. Kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, kó fọwọ́ sí i. Ìwé yìí ni ẹ máa gbé síwájú ìpàdé.

Ọ̀rọ̀ owó ò le tó bí a ṣe ń rò. Ká ní ogójì ọmọ ẹgbẹ́ ń dá ₦200 lọ́sẹ̀, bí ìgbà tí à ń dá àjọ, ₦8,000 nìyẹn lọ́sẹ̀ kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá ó ti di ₦96,000, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ ọ́n lára. Kò ní ra ìwé fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Kí ó ra ìwé Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò fún kíláàsì kan délẹ̀délẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ó sàn ju ká wọ́n ìwé méjì-méjì káàkiri kíláàsì mẹ́sàn-án. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ò ní gbà bẹ́ẹ̀, torí ìwé púpọ̀ oríṣiríṣi máa ń dára lójú fọ́tò. Èrò tiwa nìyẹn, a ò ní yí i padà.

Níbi ìrajà, a ní àǹfààní tí àwọn mìíràn ò ní. Ìbàdàn ni púpọ̀ nínú àwọn atẹ̀wé ńlá wà. Ní àdúgbò Jẹ́ríkò nìkan, University Press, Evans àti HEBN wà níbẹ̀. (HEBN wà ní Ighodaro Road, orúkọ Ìbíní láàárín Ìbàdàn, bí àwa náà ṣe wà láàárín Bìní.) Ta ni nínú wa tí kò ní ẹbí tàbí ojúlùmọ̀ n'Ìbàdàn tó lè lọ bá wọn ná an? Ẹni tó bá ra púpọ̀ lọ́dọ̀ atẹ̀wé, kó béèrè ẹ̀dínwó, bí a ṣe ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọjà fún wa lóṣùwọ̀n. Wọ́n á wébíìlì rẹ̀ láti gáréèjì, yóò dé Bìní lọ́jọ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá fi owó VAT kún rìsíìtì ìwé, ẹ bi í léèrè, torí òfin ò fi VAT lé ìwé ẹ̀kọ́.

Kí ojú yín là sí ìwé ayédèrú. Ó wà nígboro, ó sì máa ń dín lówó. Ẹ̀yìn rẹ̀ á máa dán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí i, bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́, yíǹkì ń ràn mọ́ ọwọ́, àwòrán ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti di dúdú, ojú ewé mìíràn á sì fò. Ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó kúrò níwájú ẹni tó tà á. Yàtọ̀ sí pé òfin ẹ̀tọ́ àwọn òǹkọ̀wé ti 2022 lòdì sí i, ọmọ tí kò ní bàbá tí yóò bá a wá ojú ewé tó sọnù la fẹ́ gbé e fún.

Tí ìwé bá ti délẹ̀, ìlàjì iṣẹ́ ló kù. Ìlú òjò ni Bìní. Ikán, eku àti àjà tó ń jò ló ń jẹ ìwé ju ọmọ lọ. Kí ẹgbẹ́ bá káfíńtà sọ̀rọ̀, kó kan kọ́bọ́ọ̀dù tó ní ẹsẹ̀, kí ìwé má fara kanlẹ̀, kí ó sì má fara ti ògiri. Ṣùgbọ́n ọ̀tá ìwé mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ, òun ni kọ́kọ́rọ́. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn máa ń fi ìwé tuntun pamọ́ sí ọ́fíìsì ọ̀gá, kó má baà bàjẹ́, wọn á máa fi han àlejò. Wọn ò ṣe é pẹ̀lú ìkà, ìbẹ̀rù ni, pé bó bá bàjẹ́, ta ló máa ra òmíràn? Nítorí náà, ẹ sọ ọ́ lójú wọn pé ẹ̀yin ò ní bínú bí ìwé bá gbó. Ìwé tí ewé rẹ̀ ti ká, tí àbàwọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín wà lára rẹ̀, ọmọ ti kà á nìyẹn. Kí tíṣà kan ní ìwé ìkọsílẹ̀ lọ́wọ́: ọmọ wo ló gbé èwo, ọjọ́ wo ló dá a padà.

Ohun kan ṣì wà tí kò wọ́n. Nínú ilé ọmọ aláìlóbìí, ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́ ti gbogbogbòò: bẹ́ẹ̀dì, aṣọ, àwo, sálúbàtà. Kí ẹ ra ìwé ìtàn kan, ọ̀kan ṣoṣo, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bá tíṣà kọ orúkọ ọmọ náà sí iwájú rẹ̀ ní kíkún, kó mọ̀ pé tòun ni, bó bá kúrò nílé náà, ó ń mú un lọ. Ọmọ Yorùbá inú wọn lè gba Aláwìíyé ti Ọdúnjọ, torí ẹ̀yin náà mọ bí èdè wa ṣe ń bọ́ lẹ́nu ọmọ lájò. Ọmọ Bìní lè gba ìwé tí wọ́n fi èdè Ẹdó kọ, ẹ bi àwọn tíṣà Ìbíní léèrè èyí tó dára.

Fọ́tò ńkọ́? A mọ̀ pé akọ̀wé ẹgbẹ́ á fẹ́ kó o sórí wáásáàpù kí ọkọ̀ tó gbéra. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, ní abala 8, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìpamọ́ tirẹ̀. Ọmọ tí ẹ ya lónìí pẹ̀lú páálí lórí àti àkọlé “ọmọ aláìlóbìí” lábẹ́ rẹ̀, ó máa di àgbà, ó lè di lọ́yà, fọ́tò náà á ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ya ìwé, ẹ ya kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ya ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bó bá gbà. Rìsíìtì gan-an lohun tó yẹ kí akọ̀wé gbé sórí wáásáàpù, kí gbogbo ẹni tó dá ₦200 rí ibi tí owó rẹ̀ lọ.

Bí táàmù bá sì parí, kí àwọn ẹni méjì tó kọ́kọ́ lọ yẹn padà lọ. Kí wọ́n wo ìwé ìkọsílẹ̀ tíṣà, kí wọ́n mú ìwé mẹ́ta láti kọ́bọ́ọ̀dù, kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n ti ṣí i. Kí wọ́n bi àwọn ọmọ léèrè èwo ni wọ́n fẹ́ràn àti èwo ni kò yé wọn. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ níbẹ̀ ni kí wọ́n gbé wá sí ìpàdé oṣù kìíní, torí ìwé táàmù kejì ò ní dúró de ìgbà tí a bá ṣe tán.